Àbọ̀ lórí ìbéèrè mi nípa gígun kẹ̀kẹ́ nínú ọyẹ́ Jos

Ẹ̀yin ará, ẹ ṣeun. Mo béèrè bí ènìyàn ṣe lè gun kẹ̀kẹ́ láti Bukuru wọ Jos láàárọ̀ ọyẹ́ láìgbọ̀n, nítorí ìlú tí ó ga ju mítà 1,200 lọ sí ìtẹ́jú òkun kì í ṣe ẹgbẹ́ Ìbàdàn. Ìwé ìròyìn tí ẹ ní kí n tẹ́ sí àyà lábẹ́ ẹ̀wù ni ó dí atẹ́gùn jù lọ. Ó sàn ju súwẹ́tà nínípọn tí òógùn máa ń rin gbindin, tí òtútù yóò sì wọ inú rẹ̀ nígbà tí a bá ń gun kẹ̀kẹ́ sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè. Fìlà abetí-ajá bo etí dáadáa (ẹni tí yóò rẹ́rìn-ín kí ó rín in). Ìbọ̀wọ́ ṣe kókó, torí pé ìka tí ó ti kú tipiri kò lè tẹ bíréèkì bọ̀rọ̀. Mo ti rí ìdáhùn gbà.