Gbèsè àdéhùn: ọdún mélòó ni ẹjọ́ fi ń kú l'Ékòó?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, bí oníbàárà bá ń sọ pé "màá san" láti 2018, ṣé ẹjọ́ ṣì ṣeé pè?

Ìdáhùn 1: Ọdún 6 ni ẹ ní láti pe ẹjọ́ lórí àdéhùn lásán (simple contract, ìyẹn àdéhùn tí kì í ṣe ìwé àkànṣe tí wọ́n ń pè ní deed). Ọjọ́ tó yẹ kó san tí kò san ni ẹ ó ti kà á, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ buwọ́ lùwé. Ìdúnàádúrà kì í dá ọjọ́ dúró o! Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù.

Ìdáhùn 2: Ṣùgbọ́n bó bá san díẹ̀ kí ọdún 6 tó pé, tàbí tó kọ̀wé gbà pé òun jẹ gbèsè, tó sì buwọ́ lù ú, kíkà bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ìlérí ẹnu kò tó.

Ìdáhùn 3: Lílọ sí àgọ́ ọlọ́pàá náà kì í dá ọjọ́ dúró. Ẹjọ́ ọ̀daràn yàtọ̀: ẹ̀rí ibẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjá iyèméjì. Ti gbèsè, ẹni tí ẹ̀rí rẹ̀ bá wúwo jù ló ń borí. Bí ẹ bá máa tẹ WhatsApp síwèé fún ilé ẹjọ́, ẹ fi ìwé ẹ̀rí abala 84 Òfin Ẹ̀rí 2011 (ìwé tí ẹ buwọ́ lù pé ẹ̀rọ tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde ń ṣiṣẹ́ dáadáa) kún un.