Báwo ni mo ṣe lè wo ẹyẹ alkekonge láì dà á láàmú?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olólùfẹ́ ẹyẹ. Oṣù Keje ni mo ń lọ sí ìlú Longyearbyen ní Svalbard, àwọn erékùṣù Nọ́wè ní ìhà àríwá ayé, nítorí ẹyẹ kan ṣoṣo: alkekonge, bí àwọn ará Nọ́wè ṣe ń pè é. Ẹyẹ òkun kékeré ni, ó dúdú lẹ́yìn, ó funfun níkùn. Abẹ́ òkúta tó wó jọ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ló ń yé sí, ẹyin kan péré lọ́dún, takọtabo ló sì jọ ń sàba.

Àpò abẹ́ ọ̀fun rẹ̀ ló wù mí jù. Bó bá ti òkun dé, àpò náà á wú bọ̀ǹbọ̀, á kún fún àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ inú omi tútù, oúnjẹ ọmọ inú ihò nìyẹn. Bí ọmọ bá sì fò jáde, bàbá ló máa ń bá a lọ sójú òkun. Ọkàn mi fà sí i gan-an.

Bí mo bá jókòó ní Bjørndalen, àfonífojì kan nítòsí Longyearbyen, báwo ni kí n ṣe jìnnà sí ihò wọn tó? Ẹyẹ gull ńlá àti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ń dọdẹ wọn tẹ́lẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ti tèmi mú kí òbí kan gbé oúnjẹ padà. Ṣé òru dára ju ọ̀sán lọ, nígbà tí oòrùn kì í wọ̀ níbẹ̀? Aṣọ aláwọ̀ títàn ńkọ́? Ní ti béárì funfun, mo ti ń wá atọ́nà tó ní ìbọn. Ẹni tó bá ti débẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.