Kámẹ́rà fíìmù tòkunbọ̀ fún olùbẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀: K1000 ni àbí AE-1?

Ọmọ Mọ̀ọ̀rè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo fẹ́ ra kámẹ́rà fíìmù, irú èyí tí èèyàn ń fọwọ́ yí lẹ́ńsì rẹ̀ títí àwòrán á fi mọ́ kedere. Mi ò fẹ́ fi jẹun, mo kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni. Méjì ló wà nílẹ̀: Pentax K1000 àti Canon AE-1, lẹ́ńsì 50mm lára àwọn méjèèjì. Èwo ni kí n mú? Kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó sanwó?

Bàbá Dúdú-Funfun:
K1000, bí ara rẹ̀ bá ṣì le. Láti 1976 títí di 1997 ni wọ́n fi ṣe é, kò sì sí ohun tó ń lo bátìrì nínú rẹ̀ ju mítà tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ lọ. Bátìrì kékeré LR44 kan péré ni. Bó bá kú, ṣọ́tà (aṣọ tó ń ṣí tó sì ń padé kí ìmọ́lẹ̀ lè kan fíìmù) á ṣì máa ṣiṣẹ́ láti ìṣẹ́jú àáyá 1 dé 1/1000. 4LR44, fóltì 6, ni AE-1 ń lò, bí ìyẹn bá tán, ṣọ́tà ò ní ṣí rárá. Bó bá lọ tán láàárín ọdún Ọlójó ńkọ́?

Mítà K1000 ò ní ibi tí wọ́n ti ń pa á o. Tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń wọ lẹ́ńsì, bátìrì ń lọ nìyẹn, nítorí náà máa dé lẹ́ńsì.

Mú tọ́ọ̀ṣì dání lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á. Yọ lẹ́ńsì, ṣí ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ inú rẹ̀ tán, tan iná láti ẹ̀yìn, kí o wò ó láti iwájú. Eruku díẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí o bá rí ohun tó ta bí òwú aláǹtakùn, lẹ́ńsì ti bu nìyẹn, má mú un. Lẹ́yìn náà, ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà láìsí fíìmù, kọ ọ́ sí ojú sánmà, tẹ̀ ẹ́ ní 1/1000. Ó yẹ kí ìmọ́lẹ̀ dọ́gba láti etí dé etí. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá ṣókùnkùn, aṣọ ṣọ́tà ti ń falẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àwòrán á ṣe ṣókùnkùn lápá kan. Tẹ̀ ẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá 1 pẹ̀lú, kí o fi aago fóònù wọ̀n ọ́n.

Fọwọ́ kan fóòmù dúdú tó wà létí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn àti lókè jígí inú kámẹ́rà. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́, ó ti jẹrà, ìmọ́lẹ̀ á sì máa jò wọlé sórí fíìmù. Ìyẹn kò le: sípíríìtì àti òwú lo máa fi nù ún kúrò, kí o gé fóòmù tuntun sí i. Fi ná an wálẹ̀ ni. Ní ti AE-1, tẹ́tí sí i bí o bá tẹ̀ ẹ́. Bó bá ń húkọ́, epo ti gbẹ níbi ẹ̀rọ jígí.

Ọmọ Iléṣà:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì lé AE-1 jáde. Bí lẹ́ńsì bá wà ní àmì A, ìwọ á yan ìyára ṣọ́tà, kámẹ́rà á yan bí ihò lẹ́ńsì ṣe máa ṣí tó. Níbi tí èèyàn ti ń jó, ẹ fi sí 1/250, ó parí. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìsun omi Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà lẹ ń lọ, níbi tí omi ti ń ta sí kámẹ́rà lára, K1000 lèmi náà á mú.

Ẹ má gba gbogbo ohun tí mítà bá sọ gbọ́. Ẹ wo Ọ̀pá Ọ̀rányàn: òkúta tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 18, sánmà funfun lẹ́yìn rẹ̀. Sánmà ni mítà á rí, á ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, òkúta á wá dúdú débi tí ìṣó irin ara rẹ̀ ò ní hàn. Ẹ kọ lẹ́ńsì sí ilẹ̀ tàbí koríko tí oòrùn kan náà ń pa, ẹ wọn ìmọ́lẹ̀ níbẹ̀, ẹ má yí nǹkan kan mọ́, kí ẹ tó gbé e padà sókè. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún aláwọ̀ dúdú tó wọ léèsì funfun. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ díẹ̀. Fíìmù ń gba àpọ̀jù ju àìtó lọ.

Láìsí mítà rárá: fíìmù ISO 200 (ISO ni bí fíìmù ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó) nínú oòrùn gangan, f/16 (ìwọ̀n ihò lẹ́ńsì: bí nọ́ńbà bá ṣe tóbi tó, ni ihò ṣe kéré tó) àti 1/250. Nígbà ọyẹ́, f/11 tàbí f/8.

Ọmọ Mọ̀ọ̀rè:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Ọ̀rinrin ìgbà òjò ńkọ́? Ṣé mo sì lè fọ fíìmù fúnra mi?

Bàbá Dúdú-Funfun:
Àpò awọ tí wọ́n ń tà mọ́ kámẹ́rà gan-an ló ń mú kí lẹ́ńsì bu. Ike oúnjẹ tó ní ìdérí tó le, pẹ̀lú silica gel tó ń fa ọ̀rinrin nínú, ló dára jù. Tí fíìmù bá wà nínú fíríìjì, mú un jáde ní bíi wákàtí kan kí o tó tú u, kí omi má baà sẹ̀ sí i lára.

Dúdú-funfun ni kí o fọ nílé. Fíìmù HP5 Plus nínú oògùn ìfọ̀fíìmù D-76 tí o fi omi lú dọ́gba-dọ́gba: ìṣẹ́jú 11 ní 20°C. Omi ẹ̀rọ Ifẹ̀ gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà fi ìgò oògùn sínú abọ́ omi yìnyín, kí o ki tẹmómítà bọ̀ ọ́. Bí iná ò bá sí tí yìnyín tán, tí oògùn sì dúró sí 24°C, ìṣẹ́jú 7 àbọ̀ sí 8 á tó. Má jẹ́ kó dín sí ìṣẹ́jú 5, àwòrán á ní àbàwọ́n. Èyí tó bá ní àwọ̀, fi ránṣẹ́ sí Èkó. 38°C nìyẹn ń fẹ́, kò sì gba àṣìṣe.

Ọmọ Iléṣà:
Ẹ kú àlàyé, ẹ̀gbọ́n. Ó ku èyí: tí o bá ti ki fíìmù sí i tí o pa ilẹ̀kùn, rọra ká a kó le, kí o wá máa wo kókó ìkápadà lápá òsì bí o ṣe ń fa ọwọ́ irin tó ń gbé fíìmù síwájú. Ó gbọ́dọ̀ máa yí. Bí kò bá yí, fíìmù ò tíì gbá mú, ṣí i padà.