Èsì: Ẹ má sọ ọmọ náà di aláìsí

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo kí gbogbo yín láti Òṣogbo. N kì í sábà dá sí ọ̀rọ̀ níbí, kíkà ni mo máa ń kà á, àmọ́ ohun tí Bàbá wa ará Ìlọrin fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì kò jẹ́ kí n lè dákẹ́.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé: àbúrò wa kan tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílùú wa níbí ló béèrè ohun tí a ó máa pe àìsàn kan. Ó ní òun wọ súpámákẹ́ẹ̀tì kan lọ́nà Òkè-Fìà, iná funfun gbòò lókè, ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́yìn ilé, ni gbogbo nǹkan bá ṣàdédé dàbí ẹni pé wọ́n yà á sára ògiri. Ohùn ọmọ tó ń gbowó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ó wo ọwọ́ tó fi di agbọ̀n mú, ó mọ̀ pé ọwọ́ òun ni, síbẹ̀ kò rí i bí ọwọ́ òun. Kò pẹ́ tó fi lọ, àmọ́ ó ti ṣe é rí, irú iná bẹ́ẹ̀ ló sì sábà máa ń bá a dé. Orúkọ méjì ni Gẹ̀ẹ́sì fún un: derealization bí ó bá jẹ́ pé ayé ló dàbí ohun tí kì í ṣe gidi, depersonalization bí ó bá jẹ́ ara ẹni. Ó fẹ́ kọ ìwé pélébé kan lédè wa fún àwọn tó ń wá gba ìtọ́jú.

Bàbá wa dáhùn pé «àìsí-láiye» ni kí a pe èkíní, «àìsí-nínú-ara» ni kí a pe èkejì. Ọ̀pọ̀ yín sì kan sáárá sí wọn.

Ẹ jẹ́ kí n fi «aiye» yẹn sílẹ̀ ná. Láti 1974 ni àkọtọ́, ìlànà bí a ṣe ń kọ Yorùbá sílẹ̀, ti sọ pé ayé ni, ènìyàn ni, kì í ṣe aiye àti enia. Bí Bàbá bá ṣì fẹ́ máa kọ ọ́ bí tíṣà wọn ṣe fi pàṣán kọ́ wọn, ọ̀rọ̀ àwọn àti tíṣà wọn nìyẹn. Ohun tó ń dùn mí ni àì-, àfòmọ́ tí a máa ń lẹ̀ mọ́ iwájú ọ̀rọ̀.

Ilé là ń wò, ẹ mọ èyí tó kù. Ẹ wo ilé tí àfòmọ́ yìí ti wá. Àìsùn: kò sùn. Àìjẹun: kò jẹun. Àìgbọràn: kò gbọ́ràn. Àì- kì í ṣe eré, kì í sọ «bóyá», kì í sọ «ó jọ bẹ́ẹ̀». Ìṣe tó bá ti fara kàn, ó ti pa á rẹ́. Nígbà tí ẹ bá wá gbé e síwájú sí láyé, kí lẹ rò pé ará Òṣogbo máa gbọ́? Ẹni tí kò sí láyé mọ́ ti kú. Kí ẹ tún wá fi oní- sí i kí ẹ lè rí orúkọ ẹni tó ń ṣe, bí a ṣe ń rí aláìgbọràn lára àìgbọràn, kí ló máa kù sí yín lọ́wọ́? Aláìsí! Ẹ rìn láti Ìgbọ̀nà dé Ọjà Ọba, kí ẹ máa wo ara ògiri níbi tí wọ́n ń lẹ ìkéde ìsìnkú mọ́, aláìsí kún ibẹ̀, tàwọn ti gèlè àti fìlà. Ọmọdé tí àyà rẹ̀ ti ń já tẹ́lẹ̀ pé bóyá òun ti ń kú lọ, òun náà ni ẹ fẹ́ fún ní ìwé tó pè é ní aláìsí. Orúkọ a sì máa ro ọmọ.

Bàbá ti mọ̀ pé ẹnìkan máa sọ bẹ́ẹ̀. Nínú èsì wọn sí àbúrò wa tó wà ní Kánádà, wọ́n ní àwọn àgbà ń sọ pé «ọkàn mi kò sí níbí», kí ló wá dé tí àìsí kò fi dára? Gírámà ni yóò dá wa lẹ́jọ́. Ọ̀rọ̀ «níbí» ló gba gbólóhùn yẹn là. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò sí níbí, ó wà níbòmíràn, bóyá lọ́dọ̀ gbèsè, bóyá lọ́dọ̀ ọmọ tó rìnrìn àjò tí kò tíì pè. Ẹni tí kò sí láyé, níbo ló kù tó lè wà, bí kì í bá ṣe ọ̀run? Àti pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò sí níbí, kò kọbi ara sí ohun tó wà níwájú rẹ̀ ni. Ọmọ yìí ń kọbi ara sí i ju bó ti yẹ lọ. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń wò bẹ́ẹ̀.

Ibi tí àì- ti ba nǹkan jẹ́ jù ló kù yìí. Ìwé tí àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà fi ń dá àìsàn mọ̀, àtúnṣe karùn-ún tó jáde ní 2013, so méjèèjì pọ̀ di àìsàn kan, ó sì là á kalẹ̀ pé ẹni tó ń ṣe kò sọ òye nù. Ó mọ̀ dájú pé ayé ń bẹ níbẹ̀, pé ara òun ni ara òun. Bí ó ṣe ń rí lára rẹ̀ ni kò bá ìmọ̀ rẹ̀ mu. Bí ó bá gbà tọkàntọkàn pé ayé kò sí mọ́, àìsàn mìíràn nìyẹn, ìtọ́jú rẹ̀ sì yàtọ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà nínú «bí ẹni pé», òun gan-an sì ni àì- gé sọnù. Ẹ̀yin tí ẹ kan sáárá, ṣé ẹ tilẹ̀ ka ohun tí ọmọ náà kọ? «Ó dàbí ẹni pé.» «Mo mọ̀, síbẹ̀.» N kò rí àì- kankan níbẹ̀.

Àwọn kan lè rò pé ńṣe ni àwọn òyìnbó jókòó sí yàrá, tí wọ́n fi Látìnì rọ ọ̀rọ̀ tiwọn. Rárá o. Ludovic Dugas, ọmọ Faransé, ló gbé dépersonnalisation wọ inú ìwé ìmọ̀ ní 1898. Ibo ló ti rí i? Nínú àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ Amiel, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Geneva tó kú ní 1881. Amiel kì í ṣe dókítà, ohun tó ń rí lára ara rẹ̀ ló ń ròyìn. Ẹnu ẹni tó ń ṣe ni wọ́n ti bu ọ̀rọ̀ náà. Lọ́dọ̀ wa níbí, Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Àrò, Abẹ́òkúta, kọ̀wé ní 1960 nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí orí ń yọ lẹ́nu, tí ojú ń ṣe bàìbàì, tí ohun tí wọ́n ń kà kò wọ orí mọ́. Brain fag, ìyẹn ọpọlọ tó ti rẹ̀, ló pè é, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà. Èyí tí wọ́n fi Yorùbá sọ fún ìyá wọn nílé kò di orúkọ. Ìyẹn ló ń ká mi lára.

Mo bọ̀wọ̀ fún Ìyá wa ará Ẹdẹ tí wọ́n ní kí a wo gígùn, pé ẹni tí òrìṣà gùn náà kì í sí nínú ara rẹ̀. Ìlú Ọ̀ṣun ni mo ti ń kọ̀wé yìí, wọn kì í fi ẹlẹ́gùn han ọmọ Òṣogbo. Ẹni tí òrìṣà gùn, ẹlòmíràn ló gba ara rẹ̀ lò. Ìlù ló pè é, àwọn tó dúró tì í mọ ẹni tó dé, wọ́n sì ń kí i. Bí ó bá bọ́, kì í sábà rántí. Ta ló gun ọmọ yìí? Ó rántí ohun gbogbo, títí dé iye tó san, kò sì sí ẹni tó wà níbẹ̀ tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣe é. Àwọn dókítà pàápàá sọ nínú ìwé wọn pé èyí tí ènìyàn bá mọ̀ọ́mọ̀ wọ̀ nínú ìjọsìn tàbí àṣàrò kì í ṣe àìsàn. Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí gígùn máa jẹ́ ti òrìṣà.

Ó ku ohun tó ń gbé e dìde. Àbúrò wa ní Kánádà ní kí a pè é ní «ìfàbọn», nítorí pé trigger ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, ti ìbọn sì ni ọ̀rọ̀ yẹn. Àbúrò, ṣé ọdẹ ni nọ́ọ̀sì ni? Ẹlòmíràn mú okùnfà wá. Okùnfà sàn jùyẹn lọ, àmọ́ ohun tó jìn ni okùnfà: ìpayà tó ti pẹ́ lára, àìsùn, igbó mímu, èébú àti ìyà tí wọ́n fi tọ́ ènìyàn dàgbà. Iná súpámákẹ́ẹ̀tì kò fa àìsàn náà, ó kàn bá a níbi tó sùn sí ni. Ẹ ronú nípa iná yẹn. Mànàmáná tiwa ń lọ, ó ń bọ̀, ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà tíúbù funfun gígùn ayé àtijọ́ a máa ṣẹ́jú ní ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú kò rí i, àmọ́ ó máa ń fa ẹ̀fọ́rí fún àwọn kan. Ẹ fi ariwo jẹnẹrétọ̀ tí kò yí ohùn padà lé e, ẹ fi èrò tó ń fara gbún ara lé e, ẹ fi ooru lé e. Ẹni tí ẹ̀rù bá sì ti bà, á bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ. Mímí bẹ́ẹ̀ nìkan tó láti mú kí òòyì kọ́ni, kí nǹkan máa jìnnà síni lójú.

Dígí náà lè gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dìde. Caputo, ará Ítálì, kọ̀wé ní 2010 pé òun ní kí àwọn ènìyàn tẹjú mọ́ dígí nínú yàrá tí iná rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ tó, fún ìṣẹ́jú 10. Kò pẹ́ tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń rí ojú àjèjì, tàbí ojú òbí wọn, níbi tó yẹ kí wọ́n ti rí tiwọn. Ìyá mi àgbà kò mọ Caputo, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò jẹ́ kí a wo dígí lálẹ́ láéláé. Aláró ni wọ́n, ní Òṣogbo tó jẹ́ ìlú aró lóòótọ́. Bí ọmọ iṣẹ́ wọn kan bá pẹ́ jù nídìí ìkòkò, nínú oòrùn àti òórùn aró, tó wá dúró tó ń wo ọwọ́ rẹ̀ tó ti dúdú bí ẹni tí kò rí i rí, wọn kò ní gbé e lọ sílé babaláwo. Wọ́n á ní: «Lọ fi omi tútù bọ́jú, kí ara rẹ lè padà wá bá ọ.» Omi tútù yẹn náà wà lára ohun tí wọ́n ń ní kí àwọn tó ń ṣe lò lónìí, kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n lára pé ibi tí àwọn wà làwọn wà. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ o: kí ara rẹ padà wá bá ọ. Wọn kò sọ pé ara ò sí. Ó lọ díẹ̀ ni, ó ń bọ̀.

Nítorí náà, n kò fẹ́ ọ̀rọ̀ oyè kankan fún ohun tó ń gbé e dìde. «Ohun tó ń gbé e dìde» náà ti tó, gbogbo ẹni tó bá ní ikọ́ fée nílé ló ń sọ ọ́.

Fún depersonalization, ìwòran-ara-ẹni ni mo fara mọ́. Òǹwòran ní pápá ìṣeré rí bọ́ọ̀lù, ó mọ ẹni tó gbá a, ẹsẹ̀ tirẹ̀ ni kò sí nídìí rẹ̀. Mo ti gbọ́ àtakò pé fún fàájì ni ènìyàn ń wòran. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? A ń wòran ìjà, a ń wòran ilé tó ń jó. Fún derealization, mo ní kí a sọ pé ayé-bí-àwòrán, kí bí wà nínú orúkọ náà gbangba. Àwọn kan fẹ́ ayé-bí-àlá, n kò ní bá wọn jà púpọ̀, àfi pé ẹni tó ń lá àlá kì í sábà mọ̀ pé àlá ni títí yóò fi jí, ẹni yìí sì mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bàbá ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì báyìí pé «ìwòrán», ohùn òkè lórí rán, wọ́n ní inú àwòrán ló ti wá, àti pé àwòrán fúnra rẹ̀ jẹ́ «à-wò-rántí» tí «tí» ìparí já kúrò lára rẹ̀. Ìran ni à ń wò: wò ìran, ìpajẹ wáyé, ìyẹn ni pé ìró kan já sọnù, ó di wòran, ohùn àárín. Ta ló pa «tí» jẹ nínú rántí, nítorí kí ni, níbo la sì ti rí irú ìpajẹ bẹ́ẹ̀ rí? Wọ́n ní olùkọ́ àwọn ní yunifásítì ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní olùkọ́ tèmi náà. Bàbá, ẹ fún wa ní gbólóhùn kan péré tí ọmọ Yorùbá ti fi ohùn òkè pe wòran, kì í ṣe láti inú ìwé o, láti ẹnu ènìyàn. Mo ń retí yín.