Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo dùbúlẹ̀ láti sinmi, àyà mi ń há

Àníkẹ́: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn, ó ti sú mi ni. Láti ìgbà tí dókítà ti ní iṣẹ́ ti gba gbogbo okun ara mi, pé burnout ni, tó sì kọ̀wé pé kí n jókòó sílé, kò sẹ́ni tó jẹ́ kí n sinmi. Mánéjà ń pè mí pé ta ni mo fẹ́ kó bá mi ṣe ṣífùtù òru. Àbúrò ọkọ mi tó wà lọ́dọ̀ wa kò lè fọ abọ́ tó fi jẹun, ṣùgbọ́n ó lè tẹ Ìbàdàn láago pé ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun ń sùn látàárọ̀ dalẹ́. Ìrẹsì tí mo sè ní Sátidé, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ ẹ́ tán, wọn ò ṣẹ́ ẹyọ ẹran kan kù fún àwọn ọmọ. Ìyá ọkọ mi wá ní àwọn tó ń roko kò sọ pé ó rẹ àwọn, kí ló wá rẹ èmi tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ òrùlé.

Ìbéèrè mi nìyí. Obìnrin kan tí wọ́n ní kó máa bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní kí n máa dùbúlẹ̀ nírọ̀lẹ́, kí n pa ojú dé, kí n máa fi ọkàn tọ ara mi lọ díẹ̀díẹ̀ látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó ní ẹni tó ti ṣiṣẹ́ kọjá agbára kì í mọ ìgbà tó rẹ̀ ẹ́ mọ́. Tí mo bá dé àyà, á há bí ẹni fi ọ̀já dì í. Tí mo bá dé ikùn, mo ti fò dìde nìyẹn, oorun ò tún ní wá mọ́. Ṣé kí n pa á tì ni?

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ọmọ yẹn ni kó kọ́kọ́ jáde nílé. Èmi náà gba ìbátan ọkọ sílé rí, wọ́n ní oṣù mẹ́ta, ó ṣe ọdún méjì. Ìgbà tó lọ ni ẹ̀jẹ̀ ríru mi tó wálẹ̀. Ẹ lé e.

Ọmọ Ìjọba Ọ̀run: Arábìnrin, ẹ ṣọ́ra. Kéèyàn dùbúlẹ̀ kó pa ojú dé, kó máa wá ohun tó wà nínú ara, ọ̀nà àwọn ará Íńdíà ni. Ohun tó ń há yín láyà yẹn, ẹ fi ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta kojú ẹ̀.

Déọlá: Ààwẹ̀ fún ẹni tí kò lókun? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa ọmọ ọlọ́mọ. Àníkẹ́, iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe? Ìlú wo lẹ wà? Ṣé wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò? Àìtó ẹ̀jẹ̀ àti àìsàn ẹ̀yà ọrùn tí wọ́n ń pè ní tàírọ́ọ̀dù máa ń jọ àárẹ̀ iṣẹ́ gan-an. Tí àyà tó ń há yẹn bá sì ń nà dé apá tàbí àgbọ̀n, tí òógùn ń bò yín, tó bá jẹ́ UK lẹ wà, 999 ni kẹ́ ẹ pè, ẹ má wá béèrè níbí.

Àníkẹ́: Wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n yẹ ọkàn wò, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Leeds ni mo wà, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àwọn náà ló gbà mí wọ ìlú yìí. Ìyá Ìbejì, mo gbọ́, ṣùgbọ́n ọkọ mi ò ní gbà. Ó ní kí n fara dà á, ìyá òun ló ní kí ọmọ náà wá.

Alágbàṣe: Tó bá jẹ́ pé físà wà lọ́wọ́ wọn, ẹ tètè padà síbi iṣẹ́ o. Tí ẹ bá jókòó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ, wọ́n á fagi lé e.

Déọlá: Ẹ má dẹ́rù bà á. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn wà fún ẹni tó gba àyè lẹ́nu iṣẹ́ láìgbowó, ìsinmi àìsàn kò sí lára ẹ̀. Owó àìsàn tí òfin sọ pé kí wọ́n máa san lè dé ọ̀sẹ̀ 28. Kí wọ́n ṣáà rí i pé ìwé dókítà kan ò tán kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀.

Alágbàṣe: Ẹnìkan tí mo mọ̀, wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tó ń ṣàìsàn.

Déọlá: Ìyẹn ọ̀tọ̀. Ẹ má da méjèèjì pọ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Àníkẹ́ ọmọ mi, Arò ní Abẹ́òkúta ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì. Àwọn tó ń wọlé wá bá wa kì í sọ pé inú àwọn bà jẹ́. “Nǹkan ń rìn lórí mi.” “Ooru ń mú mi lára.” “Àyà mi ń já.” Ọdẹ orí làwọn èèyàn wa ń pè é, Dókítà Makanjuola sì kọ nípa rẹ̀ fún àwọn oníṣègùn ọpọlọ káàkiri ayé ní 1987. Nítorí náà, kí ara gba ẹnu ọkàn sọ̀rọ̀, àwọn bàbá wa ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.

Ohun tí wọ́n ní kí o máa ṣe yẹn, Jon Kabat-Zinn ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ́ àwọn aláìsàn ní Massachusetts ní 1979. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n ń fi kọ́ ọ, olùkọ́ á wà níbẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ á wà níbẹ̀. Ẹni tí nǹkan ńlá kan ti bà lọ́kàn jẹ́ rí kì í dá nìkan pa ojú dé kó forí lé ibi tó ń dùn ún. Kí ló ṣẹlẹ̀ níkùn, ọmọ mi? Tó ò bá fẹ́ sọ níbí, wá bá mi ní kọ̀rọ̀.

Ọmọ Ìjọba Ọ̀run: Mi ò sọ pé kó má lọ sọ́dọ̀ dókítà o. Mo ní kó gbàdúrà pẹ̀lú.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, a ti gbọ́.

Àníkẹ́: Mi ò rò pé ó kan ọ̀rọ̀ iṣẹ́, torí ó ti pẹ́. Nígbà tí mo ṣì wà nílé, mo bí ọmọkùnrin kan. Oṣù rẹ̀ pé. Kò ké. Ìyá ọkọ mi fi aṣọ wé e, wọ́n gbé e jáde. Àtẹ́lẹsẹ̀ kan yọ lábẹ́ aṣọ náà, òun nìkan ni mo rí. Wọ́n ní òbí kì í mọ ibi tí wọ́n sin irú ẹ̀ sí. Gbogbo ẹni tó wá kí mi ló ń sọ pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Wọ́n ní kí n má sunkún, kí ó má di ọ̀nà fún èyí tó ń bọ̀.

Mo padà síbi iṣẹ́ nígbà tí wàrà ò tíì dá lọ́mú mi. Mò ń ká aṣọ ìnujú sínú kọ́mú kó má baà yọ sára aṣọ iṣẹ́, mo sì ń lọ fún wàrà náà dànù nílé ìgbọ̀nsẹ̀. Ọ̀gá ìgbà yẹn yìn mí pé obìnrin bí ọkùnrin ni mí. Láti ìgbà náà ni mi ò ti fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Lóṣù kan sẹ́yìn, ìyá àgbà kan kú mọ́ mi lọ́wọ́ lóru, wọ́n ní kí n tún un ṣe, kí n fi aṣọ wé e. Òru ọjọ́ yẹn ni àyà yìí bẹ̀rẹ̀. Mi ò sọ fún dókítà. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un?

Alágbàṣe: Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ tí mo sọ.

Déọlá: Àníkẹ́, ìrẹsì lẹ kọ́kọ́ sọ fún wa, ẹ fi èyí sílẹ̀! Ẹ sọ ọ́ fún dókítà bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́ yìí gan-an. Burnout tó kọ sílẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé fúnra rẹ̀ sọ ní 2019 pé ohun tí wàhálà iṣẹ́ ń fà ni, wọn ò kà á sí àìsàn. Ọ̀fọ̀ ọmọ kò sí nínú ẹ̀. Tí ẹ bá sì fẹ́ NHS Talking Therapies, níbi tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ sísọ tọ́jú ọkàn, ẹ lè forúkọ sílẹ̀ fúnra yín láìjẹ́ pé dókítà kọ̀wé. Ẹ ní ẹ fẹ́ ògbufọ̀ Yorùbá. Àjọ kan tó ń jẹ́ Sands náà wà fún ìyá tó bí òkú ọmọ, kódà kó ti pẹ́ ju tiyín lọ.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Má bá a wí, Déọlá. Ọ̀pọ̀ wa ni wọ́n pa lẹ́nu mọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ mi, má dùbúlẹ̀ mọ́ ná. Jókòó lórí àga, la ojú rẹ sílẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀: bí ilẹ̀ ṣe le tó, bóyá ó tutù. Bọ́ sí ọwọ́, di ife tíì lọ́wọ́ mú, kí o mọ gbígbóná ẹ̀. Má dé ikùn. Ìgbà tí ara ṣì rọ̀ ọ́ lọ́rùn ni kí o dìde, má dúró dìgbà tó bá há. Ikùn àti àyà yẹn, ìwọ àti ẹni tó mọ iṣẹ́ náà lẹ máa jọ débẹ̀. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú abúlé ní Arò ní 1954, ẹbí aláìsàn máa ń wá bá a gbé nítòsí ilé ìwòsàn. Ìwọ nìkan lò ń ti ara rẹ mọ́ yàrá.

Àníkẹ́: Ẹ ṣé, mà. Àtẹ́lẹsẹ̀ kẹ̀? Màá gbìyànjú ọwọ́ ná. Ìyá ọkọ mi ló mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Ṣé kí n bi í?

Ọmọ Ìjọba Ọ̀run: Èèwọ̀ ni o. Ẹ jẹ́ kó sinmi.

Déọlá: Ta ni kó sinmi? Ìyá rẹ̀ ni kò sinmi.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ọwọ́ náà dára, mi ò ronú kan àtẹ́lẹsẹ̀ tí o rí yẹn. Má tíì bi ìyá ọkọ rẹ lọ́sẹ̀ yìí. Bá ọkọ rẹ sọ ọ́, kí òun bi ìyá rẹ̀, ọmọ tiẹ̀ náà ni. Ọjọ́ wo ni obìnrin yẹn tún máa pè ọ́?

Àníkẹ́: Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n àbúrò ọkọ mi máa wà nílé, ògiri ilé wa ò sì nípọn.

Ìyá Ìbejì: Leeds ni mo wà. Mi ò lọ síbi iṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀, àwọn ìbejì á ti lọ sílé ìwé. Fi àdúgbò rẹ ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀, mo máa wá fi ọkọ̀ gbé ẹ. Yàrá òkè ni wàá ti gba ìpè náà, èmi á wà nísàlẹ̀.