Ìdí tí n kò fi lè gba «ìlòkulò ẹ̀mí» wọlé

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín láti Ìkọ̀lé-Èkìtì. Mo ti ka lẹ́tà tí ẹ̀gbọ́n wa láti Ìbàdàn kọ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, níbi tí wọ́n ti ní kí a máa pe ohun tí àwọn olórí ẹ̀sìn kan ń fi ojú ọmọ ìjọ wọn rí ní «ìlòkulò ẹ̀mí»: kí wòlíì máa yan ọkọ fún ọmọbìnrin, kí ó máa gba owó oṣù rẹ̀, kí ó ní kó má kí ìyá tó bí i mọ́, kí ó sì máa fi ègún dẹ́rù bà á bó bá fẹ́ kúrò. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ náà yẹ kó ní orúkọ. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni n kò gbà.

Bí a bá ní ìjẹkújẹ, a ti gbà pé jíjẹ tó yẹ wà. Bí a bá ní ìsọkúsọ, a ti gbà pé ọ̀rọ̀ tó ṣeé sọ wà níbì kan. Ta ni ó wá ń lo ẹ̀mí ní ìlò tó dára, tí wòlíì yìí fi wá lò ó ní ìlòkulò? Ìlòkulò oògùn ni gbogbo wa mọ ọ̀rọ̀ náà mọ́, ó sì bá a mu, nítorí pé oògùn jẹ́ ohun tí à ń lò. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé nínú ìlòkulò oògùn, ẹni tó ń lò ó gan-an ni ìyà rẹ̀ ń jẹ. Bí a bá wá fi ìlòkulò ẹ̀mí tẹ̀ lé e, ẹni tí kò bá wa bẹ̀rẹ̀ yóò rò pé obìnrin náà ni ó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ṣeré, bí ọlọ́kadà tó ń sá eré àsápajúdé lójú ọ̀nà Ìfàkì. Ẹ̀bi ti kúrò lọ́rùn wòlíì kí ọ̀rọ̀ tó délẹ̀. Ibi tó dùn mí jù nìyí, torí pé ohun tí àwọn ará ìjọ ń sọ fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀ náà nìyẹn: ìwọ lo fẹsẹ̀ ara rẹ rìn lọ síbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, «lò» fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó mọ́ wẹ́wẹ́ mọ́. Láti ìgbà tí a ti ń pe ìfipábánilò ní ìfipábánilò, bí a bá ti dárúkọ «lò» mọ́ ọ̀rọ̀ obìnrin àti ọkùnrin, ibùsùn ni ọkàn ń lọ. Òótọ́ ni pé àwọn kan ń ṣe èyíinì náà lábẹ́ aṣọ funfun, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n sì yà nípá kúrò lọ́dọ̀ àwọn ará ilé rẹ̀, láì fi ọwọ́ kan ara rẹ̀ rárá, kí ni a ó pe tirẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n wa ti mọ̀ pé n ó fèsì, nítorí wọ́n ti sọ ọ́ ṣáájú pé ẹni tó ń pe ilé ní «ulé», bí àwa ará Èkìtì ṣe ń pè é, kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbi tí a bá ti ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀-orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú «ì». Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò dùn mọ́ mi nínú. Bàbá mi àgbà, tó jẹ́ pé «ulé» ni wọ́n pe ilé títí wọ́n fi wọlẹ̀, a máa ka Bíbélì Yorùbá sókè láàárọ̀ láì ṣi ohùn kan pè, ibi tí wọ́n sì fẹ́ràn jù ni Ìsíkíẹ́lì orí 34, níbi tí Ọlọ́run ti bá àwọn olùṣọ́-àgùntàn tí ń bọ́ ara wọn wí, àwọn tó ń jẹ ọ̀rá àgùntàn, tí wọ́n ń fi irun rẹ̀ bora, tí wọn kò sì bọ́ agbo. Bí wọ́n bá kà á tán, wọn a wo ọ̀gangan ilé ìjọ, wọn kì í sì í sọ̀rọ̀. Ìran wọn kò bẹ̀rù àti sọ fún òrìṣà lójú pé bí kò bá lè gbe àwọn, kó ṣe àwọn bó ṣe bá àwọn. Àwọn náà ló ní bí kò sí ènìyàn, imalẹ̀, ìyẹn òrìṣà, kò sí. Lónìí, Sáàmù 105 ẹsẹ 15 nìkan ni wọ́n ń kà sí ọmọ ìjọ létí, pé kí a má fi ọwọ́ kan ẹni òróró. Ṣùgbọ́n mo ti ń yà kúrò lójú ọ̀nà.

Ìbátan mi kan lo ọdún mẹ́sàn-án lábẹ́ wòlíì kan tí n kò ní dárúkọ. Ó ń gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó lọ sí ọjà. Káàdì báǹkì rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìyàwó wòlíì. Wọ́n ní ìyá rẹ̀ ni ọ̀tá ilé, kò sì lọ síbi ìsìnkú ìyá náà. Nígbà tó jáde, mo bi í pé ṣé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn ni. Ó ní ilẹ̀kùn kò fìgbà kan ní kọ́kọ́rọ́. Ó ní, «N kò rí okùn lẹ́sẹ̀ mi, ṣùgbọ́n wọ́n ti dè mí.» Ẹ̀yin àgbà, ọ̀rọ̀ ìṣe tí à ń wá kiri ti wà lẹ́nu ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. «Dè» ni. Kò sọ pé wọ́n lo ẹ̀mí òun.

Ẹnìkan láti Ìlọrin ti sún mọ́ ọn nígbà tí wọ́n dábàá «ìfìrandeni», pé ìran ni wòlíì fi ń deni. Mo kí wọn kú iṣẹ́. Àmọ́ ìran rírí kì í ṣe ti gbogbo wọn: àfáà ń tẹ yanrìn, babaláwo ń dá Ifá, ọ̀gá ìjọ míì kò sì ríran rí, ìwé nìkan ló ń ṣí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ohun ìní wòlíì ni ìran. Okùn tí wọ́n fi de ìbátan mi kì í ṣe ti wòlíì, ti ara rẹ̀ ni. Ìgbàgbọ́ tó gbé wá láti ilé ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n lọ́ ọ, tí wọ́n sì fi dè é. Nítorí náà, «ìfìgbàgbọ́deni» ni mo dábàá. Ó gba wòlíì, ó gba àfáà, ó gba babaláwo, «ni» tó wà ní ìparí rẹ̀ sì ń jẹ́ kó yé wa pé ènìyàn ni wọ́n ṣe é sí. «Ìlòkulò ẹ̀mí» kò ní «ni» kankan nínú.

Wọ́n yóò ní ó gùn. Sílébù mẹ́fà ni. Mẹ́fà náà ni «ìlòkulò ẹ̀mí», mẹ́fà náà sì ni «ìfipábánilò» tí gbogbo rédíò ń pè láì kọsẹ̀. Ká ní «ìmúnisìn» ṣì ṣòfo ni, n bá ti mú un, nítorí sísìn tí à ń sin ọ̀gá àti ìsìn tí à ń ṣe nínú ilé ìjọ pàdé nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó tó wá jọba lé wa lórí ti gba ọ̀rọ̀ náà, ó ti lọ́kọ.

Kì í ṣe eré ọ̀rọ̀ lásán ni mo ń ṣe. Òfin tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2015 lórí irú ìdè báyìí kò kọjá àárín olólùfẹ́ àti ẹbí. Kò dé ọ̀dọ̀ olórí ìjọ. Tiwa tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún kan náà ka yíya ènìyàn nípá kúrò lọ́dọ̀ ẹbí àti ọ̀rẹ́ sí ẹ̀ṣẹ̀, yálà tọkọtaya ni wọ́n tàbí wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èkìtì ti ní òfin tirẹ̀ lórí ìwà ipá láti 2011, wọ́n sì tún un ṣe ní 2019. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ ṣàlàyé àwọn òfin wọ̀nyí fún àwọn ìyá ọlọ́jà gbọ́dọ̀ ní ọ̀rọ̀ tó lè pè. Ní 2022, nígbà tí ìròyìn kàn pé pásítọ̀ kan ní Ọ̀mùò-Òkè ń bèèrè 310,000 náírà lọ́wọ́ ọmọ ìjọ kọ̀ọ̀kan kí ó lè mú wọn dé ẹnubodè ọ̀run, jìbìtì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn pè é. Jìbìtì ni ìtannijẹ. Ẹni tí wọ́n tàn jẹ máa ń bínú bó bá mọ̀. Ẹni tí wọ́n fi ìgbàgbọ́ dè lè mọ̀, kó sì tún padà lọ ní ọjọ́ Àìkú.

Ó ku ọ̀rọ̀ ohùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n wa láti Àkúrẹ́, tó ti gbọ́ àbá mi ṣáájú, ní bí a bá tilẹ̀ gba ọ̀rọ̀ mi, «ìfìgbàgbọ́dèni» ni kí n kọ, kí ohùn ìsàlẹ̀ «dè» má baà sọnù, kí àwọn ọmọdé má sì pè é bí «dé» tí à ń dé fìlà. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n n kò rí ibi tí wọ́n ti mú un. «Tàn» di «tan» nínú ìtannijẹ, «yàn» di «yan» nínú ìyannijẹ, «bà» di «ba» nínú ìbanijẹ́, «rẹ̀» sì di «rẹ» nínú ìrẹnisílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọmọdé tó ṣì wọ́n pè. Kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo hàn mí, láti ẹnu àgbà, níbi tí ohùn ìsàlẹ̀ irú ọ̀rọ̀ ìṣe yìí ti dúró níwájú «ni» láì yẹsẹ̀, n ó sì fi àmì náà sí i. Títí di ìgbà náà, «de» ni n ó máa kọ. Ti «ulé» ṣì wà láàrin èmi àti ẹ̀gbọ́n wa ti Ìbàdàn. N kò tíì gbàgbé.