Intake ti parí, mo ti di soror, kí ló wá kàn báyìí?

Neo_Tuntun

Ẹ kú déédéé ìwòyí o ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mi ò lè sọ ní chapter, ìyẹn ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa nílé ìwé yìí, torí mi ò fẹ́ kí wọ́n rò pé mo ya aláìmoore. Mo wọ sorority, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin yunifásítì tí wọ́n ń pe ara wọn ní soror, ní spring tó kọjá níbí ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan lára ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú mẹ́sàn-án tí wọ́n ń pè ní Divine Nine ni, ẹ jẹ́ n má dárúkọ ẹ̀. Gbogbo àsìkò intake, ètò tí wọ́n fi ń gbani wọlé, tá a fi wà lórí line (àwa tá a jọ ń wọlé pọ̀ là ń pè ní line), èmi àti àwọn line sister mi la jọ ń jẹ la jọ ń mu, a jọ há ìtàn ẹgbẹ́ sórí, orúkọ àwọn tó dá a sílẹ̀, ọjọ́, oṣù, ọdún, a jọ kọ́ ijó step títí ẹsẹ̀ fi wú, ẹnì kan ò lè húkọ́ kí àwọn tó kù má mọ̀. Ọjọ́ probate, ọjọ́ tí wọ́n ń fi ọmọ ẹgbẹ́ tuntun han gbogbo èèyàn, wá dé, a ṣí ìbòjú, gbogbo yard (ọgbà ilé ìwé) pariwo, òdòdó lọ́tùn-ún ẹ̀bùn lósì, mo rò pé bí nǹkan á ṣe máa rí lọ nìyẹn.

Kò pẹ́ tí gbogbo ẹ̀ fi dákẹ́ rọ́rọ́. GroupMe wa, ibi tá a ti ń kọ ọ̀rọ̀ síra wa lórí fóònù, tí kì í jẹ́ kí n sùn tẹ́lẹ̀, tí mi ò bá kọ nǹkan síbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa kọ ọ́. Line sister mi kan ti padà sọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ àtijọ́, òmíràn ń sáré internship. Àwọn prophyte, àwọn tó ti wọ ẹgbẹ́ ṣáájú wa, tó máa ń pè wá lójoojúmọ́, tá a bá pàdé lójú ọ̀nà báyìí "hey soror" ni, ó tán. Mítìn chapter ńkọ́, ẹnì kan á ní òun mú motion (àbá) wá, ẹlòmíì á ní òun sẹ́kọ́ńdì ẹ̀, kí n tó mọ ohun tí wọ́n ń sọ wọ́n ti dìbò tán. Owó dues, owó tí ọmọ ẹgbẹ́ ń san, tún ń bẹ níwájú. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tí ò sí nínú ẹgbẹ́ náà sì ti bínú pé mo pa àwọn tì nígbà tí mo wà lórí line, tí mi ò sì lè sọ ibi tí mò ń lọ fún wọn. Ẹsẹ̀ gìrì nílé àńjọ̀fẹ́, àńjọ̀fẹ́ kú a ò rẹ́nì kan. Mo fẹ́ràn ẹgbẹ́ yìí o, mi ò kábàámọ̀ rárá, àmọ́ mi ò mọ ibi tí mo máa fi ara mi sí nínú ẹ̀. Ṣé bó ṣe ń ṣe gbogbo èèyàn nìyí àbí èmi nìkan? Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀yin ṣe?

Prophyte_Àgbà

Àbúrò mi, kú oríire o, o sì kú ewu line. Kì í ṣe ìwọ nìkan rárá. Graduate chapter, ẹ̀ka àwọn tó ti jáde ilé ìwé, ni mo wà báyìí, a máa ń bójú tó àwọn ọmọ yunifásítì, ọ̀rọ̀ tí neo, ọmọ ẹgbẹ́ tuntun, máa ń gbé wá bá wa jù nìyí, pàápàá láàárín probate sí ìgbà tí fall bá bẹ̀rẹ̀.

Wò ó, nígbà tó o wà nínú intake, ẹlòmíì ló ń ṣètò ọjọ́ ẹ fún ẹ. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ wà níbí ní aago báyìí, kẹ́ ẹ ka tibí, kẹ́ ẹ gba tọ̀hún sórí. Ọjọ́ tẹ́ ẹ parí ni ètò yẹn náà parí, kò sì sẹ́ni tó fi òmíràn rọ́pò ẹ̀. Ohun tó ń dà ẹ́ láàmú nìyẹn, kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ ẹ mọ́. Iṣẹ́ tẹ́ ẹ jọ ṣe ló so ẹ̀yin line pọ̀, iṣẹ́ náà ló máa so ẹ́ mọ́ chapter, torí àwọn prophyte yẹn ò tíì bá ẹ ṣe nǹkan kan pọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́, wọ́n kàn mọ̀ ẹ́ bí ọmọ tí wọ́n ń kọ́ ni. Àwọn obìnrin 22 tó dá Delta Sigma Theta, ọ̀kan lára Divine Nine, sílẹ̀ ní yunifásítì Howard, January 13, 1913 ni, nígbà tó fi máa di March 3 ọdún yẹn kan náà wọ́n ti wà lójú títì ní Washington níbi ìwọ́de tí àwọn obìnrin fi ń béèrè ẹ̀tọ́ láti dìbò. Oṣù méjì ò tíì pé o! Wọn ò dúró kí ẹnikẹ́ni wá fi ipò hàn wọ́n.

Torí náà mú kọmití kan. Ẹyọ kan ṣoṣo, má mú mẹ́rin torí ara ń yá ẹ. Èyí tó ń forúkọ olùdìbò sílẹ̀ ni o, èyí tó ń kọ́ àwọn ọmọdé níwèé ni o, èyí tó bá ti wù ẹ́ láìsí pé ẹnì kan ń wò ẹ́. Kó o wá lọ bá ẹni tó ń darí ẹ̀, má sọ pé "tẹ́ ẹ bá nílò mi ẹ pè mí", kò sẹ́ni tó máa pè ẹ́, sọ fún un pé "soror, èmi ni mo máa gbé tábìlì wá lọ́jọ́ Sátidé, mo sì máa dúró títí a fi máa palẹ̀ mọ́". Ibi ìpalẹ̀mọ́ yẹn lẹ ti máa mọ ara yín, mò ń sọ fún ẹ.

Ti mítìn, ìlànà Robert's Rules of Order ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń lò. Sójà kan tó ń jẹ́ Henry Martyn Robert ló kọ ọ́ jáde ní 1876, torí náà ìgbà láéláé ni, kò le tó bó ṣe ń dún létí. Ẹnì kan á mú àbá wá, ẹlòmíì á tì í lẹ́yìn, wọ́n á jíròrò, wọ́n á dìbò. Tó o bá sọnù sójú ọ̀nà, ààyè wà fún ẹ láti na ọwọ́ kó o bi alága pé kí là ń dìbò lé lórí gan-an. Ẹ̀tọ́ ẹ ni, ọmọ ẹgbẹ́ ni ìwọ náà.

Ọmọ_Ìparí_Line

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́ dáadáa, àmọ́ ẹ gbà mí láàyè kí n yà díẹ̀ kúrò níbẹ̀. Arábìnrin, kó o tó mú kọmití kankan, gréèdì ẹ ńkọ́? Mo bi ẹ́ torí fraternity (ẹgbẹ́ tàwọn ọkùnrin) lèmi wà, lórí line tèmi èèyàn méjì ni ìwé wọn wọ́lẹ̀ ní sẹ̀mẹ́sítà yẹn, tí GPA bá sì ti já sísàlẹ̀ ohun tí ẹgbẹ́ tàbí ilé ìwé ní kó jẹ́, wọ́n lè dá ẹ dúró kúrò nínú nǹkan ẹgbẹ́ fúngbà díẹ̀, ìgbà yẹn ni ìdánìkanwà gidi máa wá bẹ̀rẹ̀. Alpha Phi Alpha tó jẹ́ àgbà láàárín àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, kó tó di fraternity ní yunifásítì Cornell ní December 4, 1906, ẹgbẹ́ tí wọ́n fi ń ran ara wọn lọ́wọ́ lórí ìwé ló kọ́kọ́ jẹ́, torí nǹkan ò rọrùn fún akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú níbẹ̀ nígbà yẹn. Tó o bá ń wá ohun tó máa kó line ẹ jọ padà, pè wọ́n wá sí láíbìrì. Má pè wọ́n wá jókòó sọ̀rọ̀, ọwọ́ gbogbo wọn dí, wọn ò ní wá. Sọ pé "mo máa wà ní láíbìrì lálẹ́ Tuesday, mo ti gba tábìlì ńlá" kó o sì lọ, bóyá wọ́n wá àbí wọn ò wá. Ọ̀sẹ̀ kejì ẹnì kan máa wá.

Òwe àńjọ̀fẹ́ yẹn, jọ̀ọ́ yọ ọ́ kúrò lórí àwọn line sister ẹ. Wọn ò sá fún ẹ. Ó ti rẹ̀ wọ́n ni. Ó ti rẹ ìwọ náà, o kàn ń fi ọ̀rọ̀ kíkọ bò ó mọ́lẹ̀ ni.

Ní ti àwọn ọ̀rẹ́ àtijọ́, lọ bẹ̀ wọ́n lójúkojú, má gbé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ lọ síbẹ̀, má wọ jákẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ lọ.

Ọmọ_Panhellenic

Sorority lèmi náà wà àmọ́ ti Panhellenic, àjọ sorority mìíràn, ni, a kì í ṣe line, new member period la máa ń ní tá a wá máa ṣe initiation, ayẹyẹ ìwọlé, wọ́n á sì fún ẹ ní big sister, ẹ̀gbọ́n tó máa tọ́ ẹ sọ́nà. Ibi tó ti bá mi ni pé inú ilé ẹgbẹ́ ni mo kó lọ lẹ́yìn ẹ̀, tó jẹ́ pé mo ń rí gbogbo wọn láàárọ̀ lálẹ́, mo tún dá wà síbẹ̀. Nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé ẹ ò sún mọ́ra tó. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni pé mo yéé dúró kí big mi wá mi kàn, mo ní ká máa jọ rìn lọ sí kíláàsì àárọ̀ torí ọ̀nà wa jọ kan. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnì kan ṣoṣo tó o mọ̀ dénú ti tó fún ọdún àkọ́kọ́, ẹgbẹ́ tó ní èèyàn tó ju ọgọ́rùn-ún lọ, o ò lè bá gbogbo wọn ṣọ̀rẹ́, kò sì sẹ́ni tó ní kó o ṣe é.

Ẹ̀gbọ́n_Sọ̀ótọ́

Mo ti ka gbogbo ẹ̀, ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni ò tíì fẹnu bà, mo sì fẹ́ sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ torí mi ò mọ bí tìẹ ṣe lọ. Láti 1990 ni NPHC, àjọ tó kó Divine Nine jọ, ti fòpin sí pledging, ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi ń gbani wọlé, tí wọ́n fi ètò intake rọ́pò ẹ̀, nítorí ìyà tí wọ́n fi ń jẹ àwọn ọmọ, tí àwọn kan sì kú. Àmọ́ gbogbo wa la mọ̀ pé ibì kan wà tí wọ́n ṣì ń ṣe é lábẹ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀rù, àìsùn àti lílù ló so ẹ̀yin line pọ̀, kò yẹ kó yà ẹ́ lẹ́nu pé ìsopọ̀ yẹn já nígbà tí ẹ̀rù lọ, àwọn line sister ẹ lè máa yẹra fún ẹ torí ojú ẹ ń rán wọn létí ohun tí wọn ò fẹ́ rántí. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ kọmití kọ́ nìyẹn, lọ bá àwọn olùdámọ̀ràn ilé ìwé sọ ọ́, ọ̀fẹ́ ni ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, ọ̀rọ̀ yẹn kì í sì í jáde síta. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà náà ti fọwọ́ sí òfin Stop Campus Hazing Act lórí hazing, ìyẹn ìfìyàjẹ ọmọ ẹgbẹ́ tuntun, ní December 2024, ilé ìwé gbọ́dọ̀ máa ṣírò hazing mọ́ ìròyìn ààbò tí wọ́n ń gbé jáde lọ́dọọdún, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa sọ ẹgbẹ́ tí wọ́n bá dá lẹ́bi fáráyé gbọ́. Torí náà ẹnu ẹ ò dí.

Ohun kejì. Line tuntun ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ, ìwọ ni wọ́n máa wò. Ẹnì kan máa wá bá ẹ pé "bí wọ́n ṣe ṣe fún wa la máa ṣe fún wọn". Neo tí ò rí àyè ara ẹ̀ nínú chapter ló máa ń tètè gbà, torí ìgbà yẹn ni wọ́n á kọ́kọ́ kà á sí èèyàn. Jọ̀ọ́ má gbà.

Neo_Tuntun

Ẹ ṣé gan-an ni, mo ti ka gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀gbọ́n Sọ̀ótọ́, wọn ò fọwọ́ kàn wá o, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, àmọ́ ọ̀rọ̀ line tó ń bọ̀ yẹn wọ̀ mí lára torí ẹnì kan ti ń fi ṣeré lẹ́nu. Mo máa lọ forúkọ sí kọmití ìforúkọsílẹ̀ olùdìbò, ìyẹn wù mí látìgbà yìí. Tábìlì láíbìrì náà, mo ti ránṣẹ́ sí GroupMe, ẹnì kan ti fi ọkàn pupa sí i. Ìbéèrè kan ló kù: tí mi ò bá rí gbogbo dues yẹn san lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́? Ojú ń tì mí láti béèrè.

Prophyte_Àgbà

Má jẹ́ kójú tì ẹ́. Lọ bá treasurer, akápò yín, kí ọjọ́ ìsanwó tó dé, má dúró dìgbà tó bá kọjá. Bi í bóyá chapter yín máa ń gbà kéèyàn san án díẹ̀díẹ̀, kó o sì wo bylaws, ìwé òfin ẹgbẹ́, fún ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, torí ẹni tí ò bá financial (tí ò tíì san dues ẹ̀) kì í lè dìbò. Ní kó fi àdéhùn yẹn ránṣẹ́ sí ẹ ní ímeèlì. Ìwọ àti treasurer lẹ ni ín, kì í ṣe ọ̀rọ̀ gbogbo chapter.